Kí Ni À Ń Rà Gan-an? Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Iṣẹ́ Ajẹ́ńtì Ilé Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ọdún kẹwàá rèé tí a kọ́kọ́ wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba. Mo rántí pé fìlà mi kò tètè dé lọ́dún náà, fìlà akọ̀wé wa ni mo yá dé. Akọ̀wé, ẹ má bínú, fìlà yẹn ṣì wà nílé mi.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n sọ̀rọ̀ nípa òwò. Mi ò mọ òwò mìíràn ju èyí tí mo ti ń ṣe ní Èkó láti ọdún 1998 lọ, iṣẹ́ àbójútó ilé onílé, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní ajẹ́ńtì. Nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ gbogbo òwò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ìdajì nínú yín mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ rántí pé ní ọdún tó kọjá, mo wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa, mo tọrọ mílíọ̀nù 4 náírà. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo padà wá, mo ní kí wọ́n fi owó náà pamọ́ ná. Àwọn kan ní bóyá ara mi kò yá. Àwọn kan ní ó dà bíi pé mo ti rí owó níbòmíràn. Lónìí ni màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá kan wà ní Súrùlérè tó ti ń ṣe iṣẹ́ ajẹ́ńtì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n fún gbogbo wa ní àdúgbò yẹn. Ọdún 27 ni wọ́n ti fi wà nínú ọ́fíìsì kan náà. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, dókítà ní àrùn ojú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀gbẹ́ ni. Àwọn ọmọ wọn wà ní Kánádà, kò sí èyí tó fẹ́ padà wá gba owó ilé ní Súrùlérè. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, wá rà á. Ìwọ ni mo fẹ́ kí ó rà á. Ilé 46 ni, mílíọ̀nù 12 péré ni mò ń gbà."

Ẹ̀yin ará, orí mi wú. Ilé 24 ni èmi ń bójú tó nígbà náà. Bí mo bá fi 46 kún un, àádọ́rin ilé nìyẹn. Mo ti ń wo ara mi nínú ọkọ̀ ńlá. Bàbá sì fi ìwé hàn mí pé iṣẹ́ náà ń mú mílíọ̀nù 7.8 wọlé lọ́dún, pé ìnáwó jẹ́ mílíọ̀nù 4.3, pé èrè jẹ́ mílíọ̀nù 3.5. Ẹni tó bá fi mílíọ̀nù 12 rà á, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀ yóò ti rí owó rẹ̀ gbà padà, ìyókù di èrè. Báyìí ni mo ṣe ṣírò rẹ̀ lórí ẹ̀yìn àpò ìwé kan, báyìí náà ni mo ṣe wá tọrọ ẹ̀yáwó.

Ìyàwó mi ló bi mí ní ìbéèrè tó dá mi dúró. Ó ń ta aṣọ ní Tẹ̀júoṣó, ó mọ ọjà ju èmi lọ. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, bí ènìyàn bá ra ìsọ̀ lọ́wọ́ mi, ó máa rí ìsọ̀, ó máa rí aṣọ. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yìí, kí lẹ máa rí?" Mo ní ilé 46. Ó ní, "Ilé ta ni?"

Òótọ́ ni. Kò sí bíríkì kan nínú ilé 46 náà tó jẹ́ ti Bàbá. Onílé ló ni ilé. Ohun tí ajẹ́ńtì ní ni pé onílé gbà kí ó máa bá òun gba owó, kí ó máa bá òun tún páìpù ṣe, kí ó máa bá òun lé ẹni tí kò sanwó. Onílé lè yí ọkàn padà lọ́la. Kódà ká ní ìwé wà láàárín wọn, púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ pé kí ẹnì kan fún ẹnì kejì ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì tú ká. Àga, tábìlì, kọ̀ǹpútà méjì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní ọ́fíìsì Bàbá, gbogbo rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún 900 náírà. Mílíọ̀nù 11 tó kù, ìfọkàntán ni wọ́n ń tà fún mi. Ṣé ìfọkàntán ṣeé tà?

Mo bá bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n ka fáìlì wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ń purọ́ ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní rárá, Bàbá, ẹgbẹ́ ló ń yá mi lówó, wọ́n á bi mí. (Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ ẹgbẹ́ bo ara mi lọ́jọ́ náà.) Wọ́n gbà. Sátidé mẹ́rin ni èmi àti akáńtánǹtì kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, fi jókòó síbẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ni mo fi san án.

Ohun àkọ́kọ́ tí akáńtánǹtì ṣe ni pé ó pín mílíọ̀nù 7.8 yẹn sí méjì. Owó méjì ni ajẹ́ńtì ń gbà, ẹ̀yin tí ẹ ti háyà ilé rí mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ni kọ́míṣánnù tí onílé ń yọ fún un nínú owó ilé, ìdá mẹ́wàá tàbí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ní ọdọọdún. Èkejì ni owó tí ayálégbé tuntun ń san nígbà tó bá fẹ́ wọlé, owó ajẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ńtì. Ti àkọ́kọ́ máa ń padà wá. Ti èkejì, ẹ̀ẹ̀kan ni, àfi bí ẹlòmíràn bá kó jáde. Nínú ìwé Bàbá, mílíọ̀nù 4.9 ló jẹ́ ti àkọ́kọ́. Mílíọ̀nù 2.9 jẹ́ ti èkejì, nítorí pé lọ́dún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èèyàn wọ ilé alájà mẹ́ta kan. Ẹ yọ ìnáwó mílíọ̀nù 4.3 kúrò nínú 4.9, ẹ máa rí ohun tó kù. Ẹgbẹ̀rún 600. Nítorí ẹgbẹ̀rún 600 ni mo ṣe fẹ́ san mílíọ̀nù 12.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn ayálégbé kan ti san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, Bàbá sì ti yọ kọ́míṣánnù ọdún méjèèjì, ó tó mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ra iṣẹ́ náà yóò bójú tó àwọn ilé yẹn fún ọdún kan gbáko láìgba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin onílé tó wà níbí: òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé tàbí ajẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Súrùlérè wà nínú rẹ̀ dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ẹ̀rín kì í sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìwé àdéhùn. Nínú ilé 46, ìwé tí onílé fọwọ́ sí wà fún 19. Àwọn 27 tó kù, ẹnu lásán ni. Bàbá ní, "A ti jọ ń ṣe é ọjọ́ pẹ́, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe?" Mo wá rí i pé onílé méje nínú wọn ti kú. Owó ilé ṣì ń wọlé, Bàbá ń san án fún ẹni tó bá kọ́kọ́ wá nínú àwọn ọmọ. Ẹ̀yin lọ́yà tó wà ní tábìlì kejì, ẹ bá mi jẹ́rìí: bí ẹni tó fún ènìyàn láṣẹ bá ti kú, àṣẹ yẹn ti bá a lọ. Àwọn tí ilé ẹjọ́ bá fún ní ìwé láti ṣètò ogún ló lè fún ajẹ́ńtì láṣẹ tuntun. Ilé kan wà níbẹ̀ tí ìyá méjì ń jà sí, wọ́n ti pe ara wọn lẹ́jọ́, orúkọ Bàbá sì wà nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́ kẹta. Bí mo bá rà á, ta ni yóò wá di olùjẹ́jọ́ kẹta?

Èyí mú mi lọ bá lọ́yà. Ó ní ìbéèrè kan ni kí n kọ́kọ́ bi Bàbá: ṣé kọ́ńpìnnì tó ní ìpín ni, àbí orúkọ òwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC? Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì tí ènìyàn ra ìpín rẹ̀, gbogbo gbèsè àti ẹjọ́ tó wà lọ́rùn kọ́ńpìnnì náà ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò, kò sí ìpín láti tà. Ẹ ó jókòó, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí o rà àti èyí tí o kò rà. Ti Bàbá jẹ́ orúkọ òwò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ni ilé mẹ́fà nínú 46 náà. Nínú kọ́míṣánnù mílíọ̀nù 4.9, mílíọ̀nù 1.1 ń ti ọwọ́ ìyá yìí wá. Mo gba àyè lọ́wọ́ Bàbá, mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo kí wọn dáadáa, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ni mo mọ̀. Ìgbà tí ọkọ mi kú, Bàbá ló bá mi lé àwọn tó fẹ́ gba ilé mi. Wọn kò lè tà mí pọ̀ mọ́ àga." Mo ní ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní àwọn kò bínú, pé kí n ṣáà má san owó kankan nítorí tàwọn.

Ohun tó korò jù nìyí, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá kí n tó sọ ọ́. Wọ́n ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ìkankan pamọ́. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi owó kọ́ṣọ̀n sílẹ̀, owó tí a ó dá padà fún un bí ó bá ń kó jáde tí kò ba ilé jẹ́. Owó yẹn kì í ṣe ti ajẹ́ńtì, kì í ṣe ti onílé. Nínú ìwé Bàbá, owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ mílíọ̀nù 6.2. Nínú báǹkì, mílíọ̀nù 1.1 ni a bá. Mílíọ̀nù 5.1 kò sí.

Akáńtánǹtì wo ojú mi. Èmi náà wo ojú rẹ̀. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọn kò jalè, ẹ̀yin ará. Mo ti rí olè nínú iṣẹ́ yìí, mo mọ bí ó ṣe máa ń rí. Láti ọdún 2023 tí owó epo ti gbéra, tí dísù sì gbówó lórí, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ní àwọn ilé ńlá kò dúró dìgbà tí onílé bá fi owó ránṣẹ́. Bàbá á yọ díẹ̀ nínú kọ́ṣọ̀n, wọ́n á tún páìpù onílé kan ṣe, wọ́n á ní onílé yóò san án padà. Àwọn kan san án. Àwọn kan ń sọ pé lóṣù tó ń bọ̀. A ṣírò rẹ̀, àwọn onílé jẹ Bàbá ní mílíọ̀nù 2.4. Ìyókù, iye owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé ìwòsàn ló gbé e lọ. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ta iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 12, àwọn yóò fi dí ihò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí wọ́n fi owó náà pamọ́.

Kò rọrùn fún mi láti jáwọ́, ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìdí kan wà tí iṣẹ́ náà fi wúlò fún mi ju bí ó ṣe wúlò fún Bàbá fúnra wọn lọ. Mo ti ní ọ́fíìsì. Mo ti ní ọkọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ tó ń gun ọ̀kadà. Bí mo bá kó ilé Bàbá wá sí ọ̀dọ̀ mi, n kò ní san owó ọ́fíìsì wọn mọ́, ìnáwó mílíọ̀nù 4.3 yóò wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Ẹni tí kò ní ọ́fíìsì nítòsí tẹ́lẹ̀, tó sì rà á ní iye kan náà, gbèsè ló rà. Ìdí kejì ni akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 14. Òun ló mọ onílé tó ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí kì í gbé fóònù, òun ló mọ ayálégbé tó jẹ́ pé ìyàwó ni kí o bá sọ̀rọ̀ bí o bá fẹ́ rí owó. Kò sí èyí nínú fáìlì kankan. Bí obìnrin yẹn bá lọ, kí ni mo rà?

Mo padà lọ bá Bàbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní n kò lè san 12. Mo ní màá san mílíọ̀nù 1.5 lọ́wọ́ kan. Lẹ́yìn náà, onílé kọ̀ọ̀kan tó bá fọwọ́ sí ìwé tuntun pẹ̀lú mi, màá fún Bàbá ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́míṣánnù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé mi, n kò sanwó rẹ̀. Owó kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ pé nínú àkántì ọ̀tọ̀ kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹjọ́ ìyá méjì yẹn, n kò bá wọn dá sí i.

Bàbá dìde. "Iṣẹ́ ọdún 27 ni o fẹ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́!" Wọ́n ní ẹnì kan láti Lẹ́kí ti ní òun yóò san mílíọ̀nù 10 lọ́wọ́ kan. Mo ní kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Mo bọ́ síta, mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè ṣíná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rò pé mo ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́, mo sì ti pàdánù ilé 46 nítorí àpọ̀jù ọgbọ́n.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ẹni Lẹ́kí náà wá, ó ka fáìlì, kò padà wá. Onílé márùn-ún ti gba ilé wọn lọ́wọ́ Bàbá láàárín àkókò náà nítorí pé ojú wọn ti burú sí i, wọn kò lè jáde mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé wọn ló pè mí: "Ọ̀gá, Bàbá ní ṣé ọ̀rọ̀ yín ìjọ́sí ṣì wà ńlẹ̀?"

Ó ṣì wà ńlẹ̀. Bàbá lépa àwọn onílé tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n rí mílíọ̀nù 2.1 gbà nínú 2.4. Wọ́n ta ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, wọ́n mú mílíọ̀nù 2 wá. Mílíọ̀nù kan tó kù, èmi ni mo fi dí i, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé màá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìdá 30 tí mo máa ń san fún wọn. Ọjọ́ tí owó kọ́ṣọ̀n pé 6.2 nínú báǹkì ni a fọwọ́ sí ìwé. Mo wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, mo ní mílíọ̀nù 4 yẹn, 1.5 péré ni mo fẹ́ gbà nínú rẹ̀.

Onílé 29 ló tẹ̀ lé mi nínú ilé 41 tó kù, bí a bá ka ilé kọ̀ọ̀kan sí onílé kan. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí wọ́n wálé ní Kérésìmesì, wọ́n wá sí ọ́fíìsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n bá akọ̀wé Bàbá níbẹ̀ lórí àga, wọ́n bá Bàbá náà tí wọ́n ń mu tíì. Wọ́n fún mi ní ilé méjì nínú mẹ́fà. Wọ́n ní àwọn yóò wo ọwọ́ mi fún ọdún kan.

Mo ṣì ṣe àṣìṣe kan. Nínú gbogbo ìwé tí a kà, a kò wo ìwé iná mọ̀nàmọ́ná. Ilé kan ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó jẹ owó iná ẹgbẹ̀rún 640, onílé rò pé wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó tí àwọn ayálégbé ń dá, àwọn ayálégbé rò pé onílé ló ń san án. Mo san ìdajì rẹ̀ kí onílé má bàa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú iṣẹ́ yìí, kí ó lọ sí ọ́fíìsì iná kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Nínú owó ẹgbẹ́, mo ti san ẹgbẹ̀rún 900 padà. Akápò wà níbí, ẹ bi wọ́n. Ìyókù yóò pé kí a tó lọ sí Ojúde Ọba tó ń bọ̀, mo ti sọ ọ́ níwájú ìyàwó mi báyìí, kò sí ibi tí mo lè sá gbà.

Bàbá náà wà níbí. Àwọn ni wọ́n wọ aṣọ òfì funfun ní tábìlì kẹta, tí akọ̀wé wa ń bu ẹran fún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣì ń wá sí ọ́fíìsì, nítorí pé onílé mẹ́rin wà tí kò tíì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá nìkan ni wọ́n ń gbé fóònù fún. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí ẹgbẹ́ wa kí yín.